Sájẹ́ǹtì Rodney Davis, ọmọ Macon tó fi àyà bo àdó olóró

Ọjọ́ 6 oṣù kẹsàn-án ọdún 1967 ni Sájẹ́ǹtì Rodney Maxwell Davis, ọmọ ogun Marine, ìyẹn ẹ̀ka ológun Amẹ́ríkà tó ń ti orí omi jà wọ orí ilẹ̀, kú ní àgbègbè Quang Nam ní Vietnam. Àdó olóró àfọwọ́jù kan bọ́ sínú yàrà tí òun àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ wà, ó sì fi àyà lé e mọ́lẹ̀. Òun kú, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yè. Ọmọ ọdún 25 ni.

Amẹ́ríkà fún un ní Medal of Honor, èyí tí kò sí àmì-ẹ̀yẹ ológun mìíràn tó jù ú lọ ní ilẹ̀ wọn. Wọ́n tún sọ ọkọ̀ ogun ní orúkọ rẹ̀. Àmọ́ nígbà tí àwọn tí wọ́n jọ jagun wá sàréè rẹ̀ lọ sí ìlú rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, inú itẹ́ òkú tí kò rí ìtọ́jú, tí igbó ti ń gbà, ni wọ́n bá a. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti ká mi lára. Ẹ jẹ́ ká gbé ìṣẹ̀lẹ̀ yìí yẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ó hàn sí mi pé àwọn tó jẹ ọkùnrin yìí ní gbèsè ẹ̀mí ló rántí rẹ̀ jù, kì í ṣe àwọn tó ní owó àti agbára láti ṣe ìrántí.

Àárín gbùngbùn ìpínlẹ̀ Georgia ni ìlú Macon wà. Wọ́n bí Rodney síbẹ̀ ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1942, lásìkò tí òfin ṣì ya aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára aláwọ̀ funfun nínú ohun gbogbo. Ilé ìwé wọn yàtọ̀, ìjókòó wọn nínú bọ́ọ̀sì yàtọ̀, ibi tí wọ́n ń sin òkú wọn sí náà yàtọ̀. Ìlú tó mọ orin ni Macon. Little Richard, ọmọ ibẹ̀ ni. Otis Redding, ibẹ̀ ló dàgbà sí. Ọjọ́ orí Otis Redding àti ti Rodney kò ju ọdún kan lọ síra, ọdún kan náà ni àwọn méjèèjì sì kú. Ilé ìwé gíga Peter G. Appling tí wọ́n kọ́ fún àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ni Rodney lọ. Ó jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 1961. Nígbà tí oṣù kẹjọ ọdún náà máa fi parí, ó ti fọwọ́ síwèé pé òun fẹ́ di ọmọ ogun Marine.

Ẹni tí kò mọ ìtàn lè rò pé ohun kékeré ni pé kí ọmọ aláwọ̀ dúdú láti Georgia wọ Marine ní 1961. Kì í ṣe ohun kékeré. Nínú gbogbo ẹ̀ka ológun Amẹ́ríkà, àwọn Marine ló fi ẹsẹ̀ wọ́ ilẹ̀ jù kí wọ́n tó gba aláwọ̀ dúdú. Ọdún 1942, ọdún tí wọ́n bí Rodney gan-an, ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbà wọ́n, wọn ò sì jẹ́ kí wọ́n bá àwọn funfun kọ́ṣẹ́ ogun pọ̀. Ibùdó kan tó ń jẹ́ Montford Point, ní North Carolina, ni wọ́n kó wọn sí. Nǹkan bí 20,000 ènìyàn ló gba ibẹ̀ kọjá kí wọ́n tó pa á tì ní 1949. Ní 1948, Ààrẹ Harry Truman pàṣẹ pé kí ìyàtọ̀ àwọ̀ dópin nínú iṣẹ́ ológun, àmọ́ kì í ṣe ọjọ́ tí àṣẹ jáde ni ọkàn ènìyàn ń yí padà. Àwọn àgbà tó la Montford Point kọjá ni wọ́n la ọ̀nà tí Rodney gbà wọlé.

Parris Island ní South Carolina ló ti gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ológun, lẹ́yìn náà ó lọ sí Camp Lejeune. Nígbà tó yá, wọ́n gbé e lọ sí London láti máa ṣe ẹ̀ṣọ́ fún iléeṣẹ́ ológun ojú omi Amẹ́ríkà níbẹ̀. Ó lo ọdún mẹ́ta. Iṣẹ́ àfínjú ni irú iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ bẹ́ẹ̀: aṣọ gbọ́dọ̀ dán, bàtà gbọ́dọ̀ dán, ìdúró gbọ́dọ̀ gún. Oyè rẹ̀ ń ga sí i bí ọdún ti ń lọ, ó sì di sájẹ́ǹtì ní oṣù kejìlá ọdún 1966. Ó ti di ọkọ, ó sì ti di bàbá ọmọbìnrin méjì. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1967 ni wọ́n ní kó máa lọ sí Vietnam.

Ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí wọ́n ń pè ní Company B, ti Battalion kìíní, Marine karùn-ún, ni wọ́n fi í sí. Ipò tí wọ́n fún un nínú ikọ̀ kejì ibẹ̀, ẹni tó ń ṣe é kì í sábà ní òkìkí. Òun ni igbákejì sájẹ́ǹtì tó ń darí ikọ̀. Tí ọta ìbọn bá ń tán, òun ló máa wá a. Tí omi mímu bá tán, òun ni wọ́n máa bi. Ta ló farapa, ta ni kò tíì jẹun, ta ni ẹ̀rù ti bà débi pé kò lè gbé orí sókè mọ́, òun ló gbọ́dọ̀ mọ̀. Mo dúró lórí èyí díẹ̀ nítorí ohun tó ṣe ní ọjọ́ ikú rẹ̀, ó bá iṣẹ́ yìí mu látòkè délẹ̀. Kó tó bo àdó náà, ó ti ń lọ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí èkejì.

Ogun tó pa á wáyé ní àfonífojì Que Son, ní gúúsù Da Nang. Ilẹ̀ ìrẹsì ni, ènìyàn sì pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá ń darí àfonífojì náà ló ń bọ́ ogun rẹ̀, nítorí náà ni àwọn ọmọ ogun Vietnam Àríwá àti àwọn Marine ṣe ń du ú láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1967. Ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án ni wọ́n dìbò ààrẹ ní Gúúsù Vietnam. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ní ọjọ́ kejì, àwọn ọmọ ogun Àríwá ya lu Company D ti Battalion kìíní níbi tí wọ́n sùn sí. Company B, tí Rodney wà, jẹ́ ara àwọn tí wọ́n rán lọ gbà wọ́n sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń rán ikọ̀ kan lọ gba èkejì sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn olùgbàlà náà ń bọ́ sínú ìjà. Operation Swift ni wọ́n pe ìjà náà. Nígbà tó fi máa parí ní àárín oṣù, ọmọ Amẹ́ríkà 127 ti kú. Àwọn ọmọ Vietnam tó kú pọ̀ ju ìyẹn lọ fíìfíì, àwọn náà ní ìyá tó ń retí wọn nílé.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ìjà náà nìkan, ọjọ́ 4, ẹni méjì kú tí wọ́n fún ní Medal of Honor lẹ́yìn ikú wọn. Ọ̀kan ni Vincent Capodanno, àlùfáà ìjọ Àgùdà tó wà pẹ̀lú àwọn Marine, tó ń rìn láàárín ìbọn láti lọ bá àwọn tó ń kú lọ́wọ́. Èkejì ni Sájẹ́ǹtì Lawrence Peters. Ti Rodney ló ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ọjọ́ méjì lẹ́yìn wọn.

Ní ọjọ́ 6 náà, àwọn ọ̀tá tó pọ̀ jù wọ́n lọ dá ikọ̀ kejì dúró, wọn ò lè tẹ̀ síwájú, wọn ò sì lè padà sẹ́yìn. Wọ́n wọ inú yàrà kan. Ìwé ìyìn tó bá àmì-ẹ̀yẹ rẹ̀ rìn sọ pé òjò ìbọn àti ọta mọ́tà ń rọ̀, àdó sì ń bọ̀ lóríṣiríṣi. Rodney kò dúró sójú kan. Ó ń ti ọ̀dọ̀ ọmọ ogun kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ èkejì, ó ń pariwo ọ̀rọ̀ ìgboyà sí wọn létí, òun náà ń yìnbọn, ó ń ju àdó padà sí àwọn tó ń sáré bọ̀. Ká rántí pé oṣù tó ṣáájú ló dé Vietnam. Nínú àwọn tó ń gbà níyànjú yẹn, ó ṣeé ṣe kí ẹni tó ti pẹ́ jù ú lọ lójú ogun wà níbẹ̀.

Ìgbà náà ni àdó kan bọ́ sí àárín wọn nínú yàrà.

Ẹ jẹ́ ká sọ bí àdó àfọwọ́jù ṣe ń ṣiṣẹ́, kí ohun tó ṣe lè yé wa dáadáa. Tí wọ́n bá ti tú u sílẹ̀, okùn iná inú rẹ̀ á máa jó fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kó tó bú. Irin tó fọ́ yángá ló ń pa ènìyàn, ó ń fò sí gbogbo ẹ̀gbẹ́. Ní gbangba, ènìyàn lè sá, ó sì lè dojú bolẹ̀ kí irin náà gba orí rẹ̀ kọjá. Nínú yàrà, kò sí ibi tí ènìyàn fẹ́ sá sí. Ògiri ilẹ̀ tó ń dáàbò bò yín lọ́wọ́ ìbọn á há yín mọ́ ojú kan náà pẹ̀lú àdó náà. Ohun mẹ́ta ló kù fún ẹni tó bá rí i: kó gbé e jù síta tí àyè bá wà, kó fò jáde kúrò nínú yàrà kí ìbọn ba òun, tàbí kó wá ohun tó máa bo àdó náà. Kò sí ohun mìíràn níbẹ̀ tó tó o bò ju ara ènìyàn lọ. Rodney fi ara tirẹ̀ bò ó. Ìwé ìyìn náà sọ pé kò ṣiyèméjì.

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé ikú ogun ní í pa akíkanjú, ikú odò ní í pa òmùwẹ̀. Òtítọ́ ni fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, àmọ́ n kò rò pé ó tó ọ̀rọ̀ Rodney sọ. Akíkanjú tí ikú ogun ń pa, iwájú ló sábà máa ń kọjú sí, ọ̀tá ló ń lé. Rodney kò lé ọ̀tá kankan ní ìṣẹ́jú yẹn. Ó yí ẹ̀yìn padà sí ìjà, ó dojú kọ ilẹ̀, nítorí àwọn tí wọ́n jọ wà nínú yàrà. Ẹnikẹ́ni ló lè ní èrò tirẹ̀ lórí ogun Vietnam. Èmi náà ní tèmi: ogun tí kò yẹ kó ṣẹlẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ogun náà ló ṣe kú. Àwọn èèyàn ló kú fún, ojúkojú ni wọ́n sì wà.

Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ aláwọ̀ funfun. Ìgbà wo ni? Ní oṣù keje ọdún yẹn, àwọn ará Newark àti Detroit ti dáná sun àdúgbò nítorí ìyà tí àwọn ọlọ́pàá fi ń jẹ aláwọ̀ dúdú. Ní Georgia tí wọ́n ti bí i, àwọn kan wà tí wọn ò ní gbà kó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wọn jẹun. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa máa bi í pé kí ló dé tó fi ẹ̀mí rẹ̀ fún wọn. Mo ti gbọ́ ìbéèrè náà rí lẹ́nu ọmọ wa tó ń gbé Amẹ́ríkà, n kò sì bá a jà, torí ìbínú tó mú un bi í lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìdáhùn tí mo ní ni pé ẹni tó wà nínú yàrà pẹ̀lú ẹ, kì í ṣe àwọ̀ lo máa ń rí lára rẹ̀ mọ́.

Kì í ṣe Rodney nìkan. Ọmọ ogun Marine aláwọ̀ dúdú márùn-ún tó kú ní Vietnam ló gba Medal of Honor. Gbogbo wọn ló kú níbi tí wọ́n ti ń fi ara bo ẹlòmíràn kí ikú má bàa pa á. James Anderson ọmọ Compton ló ṣáájú, ní oṣù kejì ọdún 1967, ọmọ ogún ọdún. Ralph Johnson ọmọ Charleston tẹ̀ lé Rodney ní oṣù kẹta ọdún 1968. Ọmọ ọdún 19 péré. Oscar Austin kú ní oṣù kejì ọdún 1969, Robert Jenkins kú ní oṣù kẹta ọdún kan náà. Ẹ wo bí wọ́n ṣe kéré tó. Kò sí Marine aláwọ̀ dúdú tó gbà á láàyè títí di ọdún 2018, nígbà tí wọ́n fún John Canley, ẹni tó ja ogun ìlú Hue ní 1968. Àádọ́ta ọdún ló fi dúró dè é. Ó kú ní 2022.

Ti Rodney kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 1969, igbákejì ààrẹ Spiro Agnew gbé àmì-ẹ̀yẹ náà lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́.

Wọ́n ti sin Rodney fúnra rẹ̀ ní Macon, ní itẹ́ òkú Linwood, tí àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú náà ń lò láti ìgbà ayé àwọn baba ńlá wọn. Pleasant Hill ni wọ́n ń pe àdúgbò náà. Àdúgbò olùkọ́, dókítà, pásítọ̀ àti oníṣòwò aláwọ̀ dúdú ni nígbà kan. Lẹ́yìn náà ni ìjọba la ọ̀nà márosẹ̀ I-75 gba àárín rẹ̀ kọjá, wọ́n wó ilé, wọ́n pín àdúgbò sí méjì, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì kó lọ. Tí àwọn tó ń tọ́jú òkú bá ti kó lọ tán, igbó ò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ kí ó yé wa pé kì í ṣe pé ẹnì kan jókòó, ó ní ká gbàgbé Rodney. Òun àti gbogbo òkú tó yí i ká ni àwọn ènìyàn gbàgbé pọ̀. Èyí ló burú jù lójú mi, torí pé kò sí ẹni tí a máa dá lẹ́bi.

Ní oṣù kejìlá ọdún 1967, nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú pa Otis Redding, gbọ̀ngàn ìlú Macon kún fọ́fọ́ fún ìsìnkú rẹ̀. Ó tọ́ sí i. Èmi kàn ń rò ó pé ọmọ ìlú náà kan wà tó ti sùn sí Linwood láti oṣù mélòó kan ṣáájú, tí kò kọ orin kankan.

Àwọn ológun ojú omi fi orúkọ rẹ̀ sọ ọkọ̀ ogun kan, USS Rodney M. Davis, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún ọdún 1987. Ọkọ̀ frigate ni, ó lé ní ẹsẹ̀ bàtà 450 ní gígùn. Ó gbé ní èbúté Yokosuka ní Japan fún ọdún díẹ̀, kó tó wá fi Everett ní ìpínlẹ̀ Washington ṣe ilé. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló sùn, tó jẹun, tó ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ fún ọdún tó lé ní 27, orúkọ ọmọ Macon wà lára fìlà wọn. Ìrántí tó dára ni, mi ò ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú.

Àmọ́ ẹ wo àwọn tó dé ìdí sàréè. Àwọn àgbàlagbà tí wọ́n jọ wà ní Battalion kìíní, pẹ̀lú àwọn tó wà nínú yàrà yẹn, ni. Ọmọ bí ogún ọdún ni wọ́n lọ́jọ́ náà. Wọ́n ti di ẹni tí irun funfun wà lórí rẹ̀, wọ́n ti bímọ, àwọn kan ti rí ọmọ ọmọ. Ọmọ ọmọ kọ̀ọ̀kan yẹn, nínú yàrà ní Quang Nam ni ìtàn rẹ̀ ti gba kọjá. Nígbà tí wọ́n rí ipò tí itẹ́ òkú náà wà, wọn ò kọ̀wé sí ìjọba kí wọ́n sì jókòó máa retí èsì. Wọ́n dá owó láàárín ara wọn, wọ́n tọrọ lọ́wọ́ àwọn mìíràn, wọ́n sì gbé òkúta ìrántí kan tó ga dúró síbi sàréè rẹ̀. Ní ọdún 2012 ni wọ́n ṣí i. Àwọn aláwọ̀ funfun tó ti darúgbó dúró ní itẹ́ òkú aláwọ̀ dúdú ní Macon, wọ́n sì sọ fún ẹbí rẹ̀ lójú gbogbo ayé pé òun ló jẹ́ káwọn wà. Ọdún 45 lẹ́yìn ikú rẹ̀ nìyẹn.

Tí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni ìrántí akọni, ohun tí màá tọ́ka sí nìyí. Àmì-ẹ̀yẹ dára, ọkọ̀ dára, orúkọ rẹ̀ sì wà lára àwọn tó lé ní 58,000 tí wọ́n gbẹ́ sára ògiri dúdú ní Washington, èyí tí wọ́n fi ṣe ìrántí àwọn tó kú nínú ogun Vietnam. Ṣùgbọ́n ẹni tó wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ilé òkú ẹ ṣe, ìyẹn ló mọ ohun tí o ṣe fún un.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà kò tíì tán. Oṣù kìíní ọdún 2015 ni wọ́n fà á kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ní ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún 2022, nígbà ìdánrawò ogun ńlá tí wọ́n ń pè ní RIMPAC, Amẹ́ríkà àti àwọn alájọṣe rẹ̀ fi í ṣe ohun tí wọ́n ń yìn níbọn ní àríwá erékùṣù Kauai ní Hawaii. Ó rì síbi tí òkun ti jìn ní ẹsẹ̀ bàtà 15,000. Kì í ṣe ìwà àrífín. Bí wọ́n ṣe ń ṣe ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ti gbó nìyẹn. Òfin sọ pé kí wọ́n fọ epo àti májèlé kúrò nínú rẹ̀ ná, kí ó jìnnà sí ilẹ̀ ní 50 máìlì orí omi ó kéré tán. Àwọn tó ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ rí fídíò bí wọ́n ṣe rì í, ó sì lè dun ẹnikẹ́ni láti rí irin tó gbé e fún ọdún púpọ̀ tí ń wọ omi lọ.

Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí orúkọ náà má bá irin náà lọ. Ìlànà rẹ̀ wà nílẹ̀. John Basilone, Marine tó dàgbà sí New Jersey, gba Medal of Honor nítorí ogun Guadalcanal ní 1942, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó tún padà sójú ogun, wọ́n sì pa á ní Iwo Jima ní 1945. Wọ́n sọ ọkọ̀ kan ní Basilone. Nígbà tó gbó, òun náà ni wọ́n yìn níbọn títí tó fi rì ní 1982. Àmọ́ ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, ní New York, ọkọ̀ tuntun kan, USS John Basilone, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọkọ̀ tó ń jẹ́ orúkọ Oscar Austin wà lórí omi, ti Ralph Johnson náà wà. Kí wọ́n wá irin tuntun fún Rodney Davis, kí wọ́n sì ṣe ayẹyẹ rẹ̀ nígbà tí àwọn tó wà nínú yàrà náà ṣì lè rin ìrìn-àjò lọ wò ó.